Omi Tí Mo Fi Fọ Fóònù

Rodiyah Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé ní Tanke níbẹ̀, ìwọ àti ọkọ rẹ àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ. A wà dáadáa ní Òkè-Oyì, àgbàdo ti yọmọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí náà ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ummu ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi ni mo fẹ́ sọ. Tíṣà rẹ̀ ní láti ìgbà Kòrónà, tí wọ́n ti ilé ìwé pa, tí àwọn ọmọ ń kàwé nínú fóònù, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti mẹ́hẹ. Ọmọ tó ń sáré lọ sílé ìwé tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí à ń bẹ̀ kó tó wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ó ní òun fẹ́ fi ìwé sílẹ̀, kí òun máa ta àgbàdo létí títì. Ẹ̀rù bà mí.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́, tí tíṣà ń kọ́ni nínú rẹ̀, ó dé. Mo wò ó títí, mo wá rí ibi tí gbogbo yín ti ṣìṣe. Ṣé o rántí ìgbà tí ò ń kéú lọ́dọ̀ Áfáà Ìsmáílà? Bí o bá ka ohun tí wọ́n fi tàdáà kọ sójú pákó wàláà rẹ tán, wọn á fọ̀ ọ́, wàá mu omi rẹ̀, ẹ̀kọ́ á sì wọnú rẹ. Ta ló fọ fóònù fún àwọn ọmọ wọ̀nyí? Ni mo bá bu omi sínú abọ́ mímọ́, mo fọ fóònù náà tojú tẹ̀yìn, mo ní kí Ummu ṣe bísímílà kó mu ún. Ó mu ún. Fóònù ò tàn mọ́. Mo gbé e lọ bá Gàní tó ń tún fóònù ṣe, mo ro ó fún un, ló bá gbórí lé tábìlì rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Má bínú. Wàláà rẹ ṣì wà lára ògiri. Mo sọ fún Ummu bí o ṣe máa ń mi ara síwá sẹ́yìn, tí èmi ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, tí o bá ṣìṣe, màá ní kí o tún un kà, bẹ́ẹ̀ n kò mọ ohun tí ò ń kà. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí gan-an. Ummu bi mí bóyá ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó tì ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní nígbà Kòrónà, tí wọ́n ń pè ọ́ sí ọsibítù ṣáá, òun àti fóònù nìkan ló ń jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ.

Ní báyìí, a jọ ń jókòó lórí ẹní, ó ń kàwé, mo ń bó ẹ̀gúsí. Jọ̀wọ́ fi owó ìwé kíkà díẹ̀ ránṣẹ́, má ra fóònù mìíràn. Bí wọ́n bá fún ọ lọ́jọ́ ìsinmi, máa bọ̀, ẹní náà gba ẹni mẹ́ta.

Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí ọwọ́ rẹ, wàá jẹun ọmọ.

Èmi ìyá rẹ, Bàríkísù.

Ummu ló ka lẹ́tà yìí sí mi létí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó ṣìṣe, mo ní kó tún un kà, ó sì tún un kà.