Kí Ẹ Tó Lọ Gba Owó Mọ́tò

Bàbá Káfáyà,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọrí sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ ka èyí ná. Bí ẹ ṣe jáde láàárọ̀ yìí ni Alhaji Gbàdàmọ́sí, alága wọn, wọlé. Ó ní àwọn kì í yá èèyàn lówó mọ́tò láì dé ilé rẹ̀ wádìí. Ó wá bi mí bóyá gbèsè kankan wà lọ́rùn yín.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ti sọ fún un pé rárá. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ nípa máṣíìnì àwìn tí ẹ ṣe onídùúró lé lórí fún Dáúdà àbúrò yín, tó gùn ún sá lọ sí Kùtọnu. Mi ò purọ́. Ẹ máa ń sọ pé gbèsè Dáúdà ni, kì í ṣe tiyín. Lójú ẹni tó fẹ́ yáni lówó, ta ló ń wá Dáúdà? Orúkọ yín ni wọ́n mọ̀.

Alhaji ní irọ́ tí ẹ pa fún òun yẹn dun òun ju máṣíìnì lọ. Ó ní kí ẹ lọ bá ẹni tó ni ín l'Ájáǹgbádì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í san án, kí ẹ sì wá ẹni tó máa dúró fún yín. Mo ní ta ló máa gbà? Èmi bá gbà.

Oúnjẹ yín wà lórí tábìlì. Omi tútù wà nínú fíríìsà tí mo fi ń tajà. Bí ẹ bá ń mu ún, ẹ wo fíríìsà náà dáadáa: òun ni mo fi dúró fún yín.