Ẹ Jẹ́ Kí Ràfátù Padà Sídìí Abọ́

Bàbá mi Alfa, Ìyá mi, àti ẹ̀yin Ìyá Àgbà tí ẹ bí bàbá wa, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àmójútó wa, ẹ sì kú ọyẹ́ tó dé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kaduna níbí.

Èmi Sìdíkátù, àkọ́bí yín, ni mo fọwọ́ sí lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ohùn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Jímọ̀ tó wà ní Ọ̀fà, Kúdírá tó wà nílé ọkọ, àti Làmídì tó ṣì ń gbé lábẹ́ òrùlé yín ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ lórí fóònù, wọ́n sì ní kí n sọ ọ́ lórúkọ àwọn náà. Ọ̀rọ̀ Ràfátù, àbíkẹ́yìn yín, ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ Ìlọrin tó wà níhìn-ín ni mo kọ ọ́ sí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tú àṣírí ilé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni abọ́ kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àwọn tó sì ń jẹun nínú rẹ̀ kò rí ẹni bá wọn kọ lẹ́tà.

Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Yàrá kan ni mo gbà ní Hayin Banki. Ní òwúrọ̀, mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí; bí ọ̀sán bá pọ́n, mo ń lọ sí yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣe ìwádìí fún oyè kejì. Ọyẹ́ ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ tilé. Eruku rẹ̀ a kún ojú fèrèsé bí èlùbọ́, ètè a sì là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kọ́ ló ń dùn mí jù, oúnjẹ àdájẹ ni. Hajiya Lárai, ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, rí mi níjọ́ kan tí mo gbé àwo lé ẹsẹ̀. Ó ní Malama, lafiya, ṣé àlàáfíà ni, àbí wọ́n lé mi nílé ni? Ó ní nílé tiwọn, aláìsàn àti oníjà nìkan ló ń dá jẹun, èwo ni mo jẹ́ nínú méjèèjì? Àwàdà ló ń ṣe. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbé àwo náà sílẹ̀. Ràfátù ni mo rántí.

Ìyá, ṣé ẹ rántí abọ́ tángaran ńlá yẹn, èyí tí etí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, tó ti bó níbi kan? Àwa márààrún la máa ń yí i ká lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, túwó láàárín, ọbẹ̀ gbúre lórí rẹ̀. Ẹ kì í jẹ́ kí a kàn jókòó bó ṣe wù wá. Ẹ ní ọwọ́ Làmídì yá ju ti ológbò lọ, Ràfátù kò sì gbọdọ̀ jókòó tì í. Àárín èmi àti Kúdírá ni ẹ fi Ràfátù sí. Jímọ̀ ni ẹ fi ti Làmídì, kí ó lè máa gbá a lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan tí ẹ jáde, tí a jókòó bó ṣe wù wá, Ràfátù kò fojú kan ẹran. Ẹkún rẹ̀ dé ilé kéwú, Bàbá sì gbé pàṣán wọlé. Ọmọ márùn-ún kan náà ni o, abọ́ kan náà, ọbẹ̀ kan náà. Ìjókòó nìkan ló yí padà.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀. Ràfátù ń gbé wàláà rẹ̀ bọ̀ láti ilé kéwú nígbà tó ṣubú, tí ara rẹ̀ le, tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan itọ́ náà, pé ibẹ̀ ló ń gbà ràn. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ rẹ̀ ti di ohun tí a ń bù sọ́tọ̀ sínú abọ́ ike pupa kan, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí ẹnì kan gbé e lọ síbẹ̀. Èmi ni mo gbé e. Ràfátù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, bi mí pé ta ni yóò wá jókòó síbi tòun. Mo ní kò sẹ́ni tí yóò jókòó síbẹ̀. Ó fẹ́ di aṣọ mi mú, mo sì yà sẹ́yìn. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ gbìyànjú, mo jẹ́rìí. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Irú oògùn tí wọ́n fún un náà ni wọ́n fún ọmọ Ìyá Sàlámì, aládùúgbò wa. Gìrì tọmọ yẹn lọ. Ti Ràfátù kò lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí. Gbogbo àdúgbò ní bó bá jẹ́ àìsàn ni, oògùn tó wo ẹnì kan ì bá wo ẹnì kejì. Pé àlùjọ̀nnú ni. Oògùn dúró, àgbo ìtọ̀ màlúù bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá mi ní yàrá àyẹ̀wò jẹ́ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kaduna. Yorùbá rẹ̀ kì í pé ìlà kan kí Hausa tó já lù ú. Ó rí mi tí mo fajú ro sí àwòrán sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan, ó ní ṣé àwòrán náà bú mi ni. Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Àwọn ẹnu-ọ̀nà kéékèèké wà lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Èròjà kan tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń pèsè, Gábà lorúkọ rẹ̀, ló ń ṣí wọn. Bí wọ́n bá ṣí, èròjà kan tó jẹ́ ara iyọ̀ a wọlé, sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pariwo a sì dákẹ́. Bí ìdákẹ́ yìí kò bá tó, ariwo a gba ọpọlọ kan, ara a sì le. Ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà náà kì í ṣe odindi. Ege márùn-ún ló yí ihò kan ká. Mo ní kó tún un sọ. Ó ní biyar, márùn-ún, ṣé mi ò mọ oǹkà ni?

Ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ege náà ti wá. Nínú irú èyí tó pọ̀ jù, méjì wá láti ìdílé kìíní, méjì láti ìkejì, ẹyọ kan láti ìkẹta. Àárín ìkìíní àti ìkejì ni Gábà ń jókòó sí. Àárín ìkìíní àti ìkẹta ni irú oògùn tí wọ́n fún Ràfátù ń jókòó sí, láti ran Gábà lọ́wọ́. Bí ìkẹta kò bá sí, tí òmíràn gba ipò rẹ̀, Gábà ṣì lè ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n oògùn náà kò ní ìjókòó. Bí ìkẹta bá sì wà tó lábùkù, ìdákẹ́ a dín kù. Oògùn kan náà, ẹnu-ọ̀nà tó jọra lójú, àmọ́ ìjókòó yàtọ̀. Ìyá, abọ́ wa ni mo rí.

Bàbá, nígbà tí mo pè yín lọ́jọ́ kejì, ẹ ní ṣé inú ìwé ni mo ti wá mọ àlùjọ̀nnú ju ẹ̀yin tí ẹ ń ka Àlùkùránì lọ. Mo ní rárá. Mo ní Ọlọ́run tó dá àlùjọ̀nnú náà ló to ege márùn-ún yẹn. Ẹ ní ẹnu mi ti mú bíi ti ìyá mi. Mi ò mọ̀ bóyá ege kan ló ṣe Ràfátù. Oníṣègùn ọpọlọ ni yóò wádìí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oògùn tí kò ṣiṣẹ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí àlùjọ̀nnú. Àwọn oògùn mìíràn wà tó ń gba ọ̀nà mìíràn. Àìsàn yìí kì í ràn nínú itọ́, ìtọ̀ màlúù sì lè pa ọmọ.

Nítorí náà, àwa ọmọ yín mẹ́rin ń bẹ̀bẹ̀, a sì ń béèrè. Kí àgbo náà dópin lónìí. Àdúrà Bàbá àti omi hàntú tí a fi ń fọ wàláà kò dí oògùn lọ́nà, kí wọ́n máa bá a lọ. Kí ẹ jẹ́ kí Jímọ̀ mú Ràfátù wá bá mi. Oníṣègùn ọpọlọ kan níhìn-ín ti gbà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó wà lọ́kàn wa jù ni pé kí ẹ gbé abọ́ pupa yẹn kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn. A ń retí èsì yín kí oṣù ààwẹ̀ tó lé. Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan, gbogbo wa yóò wálé fún ìṣínu àkọ́kọ́, ẹ má wulẹ̀ gbé abọ́ tángaran jáde. Nínú abọ́ pupa la ó ti jẹun, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àwa àti Ràfátù. Èmi ni n ó kọ́kọ́ bọwọ́ sí i.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ojú yín rí wa ní pípé. Ẹ bá mi kí Ìyá Sàlámì àti ọmọ rẹ̀, àti gbogbo ọmọ kéwú Bàbá. Ẹ sọ fún Ràfátù pé títí di òní, ẹnikẹ́ni kò jókòó síbi tirẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù,
pẹ̀lú Jímọ̀, Kúdírá àti Làmídì.