Ilé Wa Dé Láti Sakété, Àmọ́ Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Wà Lókè

Séverin, Àkànní mi, ṣé dáadáa lo wà ní Kùtọnu? Eugénie ńkọ́? Ọmọ tí mi ò tíì fojú rí ńkọ́? Òkun ò ní gbé yín o. Àwa ní Pobè ò febi sùn, àfi orúnkún bàbá rẹ tó ń ké bí ilẹ̀kùn. Edwige, ìyàwó katikísì, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí.

Ìwọ lo ránṣẹ́ pé Eugénie ò lè gbé ọmọ tuntun wá sùn lábẹ́ koríko tó ń jò. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ìdí nìyí tá a fi lọ gba ilé pákó tí òyìnbó kọ́ sí Sakété nígbà kan, tí wọ́n ń pàtẹ ẹyìn àti iṣu ńlá sí fún àwọn èèyàn láti wá wò. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n ní ẹni tó bá lè tú u kó máa kó o lọ. Fádèyí gbẹ́nàgbẹ́nà tú u, a fi ọkọ̀ ojú irin kó o wá.

Nígbà tó délé, mo rí i pé ẹnìkan ti fi ẹfun kọ jágbajàgba sára gbogbo pákó. Ṣé inú ìdọ̀tí lọmọ tuntun máa wá sùn ni? Mo fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkànrìn fọ̀ ọ́, ó mọ́ bí eyín. Ìgbà tí Fádèyí dé ló káwọ́ lérí pé Ìyá, númẹ́rò tóun fẹ́ fi tò ó lẹ fọ̀ dànù yẹn o! Mo ní ṣé pákó ò mọ ẹnìkejì rẹ̀ ni? Ó fojú díwọ̀n, ó tò ó, àmọ́ ó jọ pé wọn ò mọ ara wọn. Ilẹ̀kùn wà lókè, fèrèsé wà nílẹ̀. Ewúrẹ́ ń gba fèrèsé wọlé, àwa ń gun odó ká tó kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀dà tí òyìnbó fi kọ̀wé sára pákó kan ò lọ ṣá. Edwige kà á, ó ní ẹ má fọwọ́ kàn án ni wọ́n kọ. Òkè ibùsùn bàbá rẹ ni pákó yẹn bọ́ sí. Mi ò sì tíì fọwọ́ kan bàbá rẹ láti ọjọ́ Àìkú. Ó ń bínú.

Àwọn ará Igana ṣì ń wá wòran. Obìnrin kan bi mí pé iṣu ńlá ọjọ́sí dà. Mo ní a ti jẹ ẹ́. Ló bá jókòó, ó ń wo èmi.

Fádèyí ní òun ò tú u mọ́ láéláé. Àmọ́ páànù ló wà lórí rẹ̀, ọmọ mi. Òjò mẹ́ta ti rọ̀, mo tẹ́ ẹní ọmọ sílẹ̀, mo fọwọ́ pa á, gbígbẹ ló gbẹ. Àwáwí ti tán. Ẹ gbé ọmọ mi wá.

Fi owó àkàbà ránṣẹ́, torí Eugénie ò gbọdọ̀ pọnmọ gun odó. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Wàá gòkè, Àkànní. Tó o bá ti gòkè tán, ti ilẹ̀kùn, mo wà nínú ilé.

Èmi ìyá rẹ, Èjìdé.