Ojú Gbígbẹ Tí Ẹ Fún Mi

Bàbá mi,

Mi ò ní béèrè àlàáfíà yín. Inú ń bí mi sí yín, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Nítorí pé mo ń sunkún rẹ̀, ẹ tì mí mọ́ yàrá tí à ń kó iṣu sí títí ojú mi fi gbẹ. Ẹ̀yin jókòó sẹ́yìn ilé, ẹ ń pọ́n àdá láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ta ni ẹ fẹ́ fi àdá yẹn ṣá?

Ọjọ́ tí wáyà tí wọ́n fi kéde ikú yín láti ilé bá mi ní yunifásítì, Ngozi, ọmọ Ìgbò tí a jọ ń gbé yàrá, wó lulẹ̀, ó ń ké bí ẹni pé bàbá tirẹ̀ ló kú. Asabe, ará Kánò, jókòó tì mí, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Èmi ń ká aṣọ, mo ń tú u, mo tún ń ká a. Ngozi nu ojú rẹ̀, ó ní ṣé èmi àti bàbá mi jà ni. Mo mú aṣọ mìíràn, mo ń ká a.

Ojú mi gbẹ lẹ́bàá sàárè yín ní Ìlọ́fà. Àbúrò yín obìnrin, Ìyá Dúpẹ́, pàtẹ́wọ́: "Ẹ wá wo ojú bí òkúta o! Ṣé yunifásítì ló fa omi ojú ẹ gbẹ ni, àkọ̀wé?" Wọ́n gba yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ èmi àkọ́bí, wọ́n ní kí Bọ́sẹ̀ àbúrò mi kọ́kọ́ dà á, torí ó ń sunkún, ó ń yí nílẹ̀.

Ìyẹn kò dùn mí tó èyí tó tẹ̀ lé e. Ìwé ìgbaniwọlé Bọ́sẹ̀ sí yunifásítì ti dé, ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ní kò ní lọ, pé ìwé ló sọ mí di báyìí. Ẹ̀bi yín, ìwé ni wọ́n dì í rù.

Lọ́jọ́ kẹjọ ikú yín, lẹ́yìn àdúrà tí wọ́n ṣe fún yín, mo tú gèlè, mo dojú bolẹ̀ láàárín agbo ilé. Bí Ngozi ṣe ké gan-an ni mo ṣe ké. Mo pè yín ní bàbá rere. Ìyá Dúpẹ́ gbá mi mọ́ra: "Ó tó o, ọmọ mi. Àṣé ọmọ wa ṣì ni ọ́!" Ilẹ̀ mọ́, Bàbá Kékeré ní kí Bọ́sẹ̀ lọ di ẹrù yunifásítì.

Ṣé ẹ gbọ́ igbe náà níbi tí ẹ wà? Ẹ má fi yangàn láàárín àwọn òkú. Àbúrò mi ni mo tìtorí rẹ̀ sunkún. Ẹ̀yin, mi ò tíì sunkún yín.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín tìbínú-tìbínú.