Ọjọ́ Sátidé Tí Kóòtù Fún Mi

Sátidé, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún
Mo kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ṣí i. Ìyá Ìṣáná wà nílé — mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Kóòtù ló tú wa ká, kóòtù náà ló ní kí n máa mú ọmọ mi ní gbogbo Sátidé. Ìṣáná, ọmọ ọdún méje, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìnagijẹ tí mo fún un. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Aládùúgbò kan ní kí n máa lọ sílé, wọn ò ní ṣí i.

Sátidé, ọjọ́ kẹwàá
Wọn ò ṣí i.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kejìlá
Lọ́yà ní ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá tàpá sí àṣẹ kóòtù. Mo ní ọmọ ni mo ń wá, mi ò wá ẹ̀wọ̀n fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kò sọ́nà mìíràn. Mo fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn náà. Padà sí ṣọ́ọ̀bù — mo so wáyà fìríìjì oníbàárà lódìlódì, ó jó.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Mo rí Ìṣáná lójú fèrèsé. Mo juwọ́. Kò juwọ́ padà. Bóyá kò rí mi.
Ó rí mi.

Tọ́sìdè, ọjọ́ kejìlélógún
Kóòtù. Ìyá Ìṣáná ní bí ọmọ bá ti ọ̀dọ̀ mi dé, ẹkún ló máa ń sun mọ́jú, òun ò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀. Adájọ́ bi í bóyá yóò máa gbé ọmọ fún mi láti òní lọ. Ó ní, "Mi ò ní purọ́ fún yín, mà. Mi ò ní gbé e fún un."
Adájọ́ yíjú sí mi, ó ní ṣé mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ó yẹ kí n ní ẹ dárí jì í. Ó wà lẹ́nu mi. Inú tó ń bí mi ló sọ̀rọ̀: "Kí òfin ṣiṣẹ́ rẹ̀."
Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́wọ̀n. Kí ọmọ wà lọ́dọ̀ mi títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé. Ìyá Ìṣáná ò wo ojú mi. Lọ́yà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní a borí.
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo mọ̀. Ìyá Ìṣáná ni mo rò pé òwe náà ń bá wí.

Fráìdè, ọjọ́ kẹtàlélógún
Akódà kóòtù fa Ìṣáná lọ́wọ́ wá láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì kékeré, mo ti tẹ́ ẹ. Ìṣáná kúnlẹ̀: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."
Sà. Èmi tó máa ń gùn lẹ́yìn bí ẹṣin nígbà kan.
Kò jẹun. Ó bi mí bóyá èmi ni mo ní kí wọ́n ti màmá òun mọ́lé. Mo ní adájọ́ ni. Ó ní, "Ìyá àgbà ní adájọ́ kọ́kọ́ bi yín."


Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlélógún
Mo pe lọ́yà láàárọ̀, mo ní kó bá mi bẹ adájọ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ó ní ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa.
Ìṣáná ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà, ó jókòó ṣinṣin bí àlejò. Mo ní kí la fẹ́ ṣe lónìí, ọmọ mi.
"Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni, sà."