Ẹ Má Wó Ilé Alápákan

Ilé Alápákan,
17, Òpópónà Àdúràgbà,
Yábàá, Èkó.
Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Ọ̀wàrà, 1988.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìdáàbòbò Ilé Gbígbé,
Yábàá, Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌTAKÒ ÀṢẸ LÁTI WÓ ILÉ WA NÍTORÍ ÒGIRI TÍ WỌ́N NÍ Ó SÁN

Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹbí Ọláṣùpọ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, òṣìṣẹ́ yín, Ọ̀gbẹ́ni Sylvester, fi ọ̀dà pupa kọ “Ẹ wó o” sára ilé wa, ó sì fún wa ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti kó jáde. Ìdí tó kọ sínú ìwé ni pé ògiri iwájú ti sán láti abẹ́ òrùlé títí dé fèrèsé ìsàlẹ̀. Mo takò ó. Ògiri náà kò sán. Bàbá mi ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

Birikilà ni bàbá mi, Àkàngbé Ọláṣùpọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi bá ará Ítálì kan tó ń kọ́lé ní Èbúté Mẹ́tà ṣiṣẹ́. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá náà ní: bí àwòrán bá ṣe rí ni kí iṣẹ́ rí, kí ẹnikẹ́ni má fi kún un, kó má sì yọ nínú rẹ̀. Nígbà tó ń padà sílé, ó fún bàbá mi ní fọ́tò ilé ńlá kan tí àwọn ọlọ́lá ìlú rẹ̀ ń gbé: òpó mẹ́fà, àtẹ̀gùn gbàràmù, ère obìnrin lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi kọ́ irú rẹ̀ sí Yábàá, ó sì parí rẹ̀ ní 1938.

Ohun tí bàbá mi kò mọ̀ ni pé ilé ọlọ́lá náà ti gbó kí wọ́n tó ya fọ́tò rẹ̀. Ó rò pé ọ̀ṣọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ òsì ère náà ti kán, nítorí náà ó mọ tiwa ní alápákan. Ògiri ibẹ̀ ti sán, bàbá mi sì fi odidi ọjọ́ mẹ́ta gbẹ́ ojú sísán náà sára sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́tàlélógún kí àlejò kan tó ṣàlàyé fún un. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí ó fi kú.

N kò ní purọ́ fún yín, ilé wa ti darúgbó. Ọ̀dà funfun rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú, páànù ń jò, ikán ti jẹ igi fèrèsé. Àtẹ̀gùn tí àwọn ìyàwó tuntun Yábàá máa ń wá dúró sí ya fọ́tò ti di ibùsùn ewúrẹ́ àdúgbò. Ó ń dùn mí gan-an. A ti pe káfíńtà.

Òdìkejì gọ́tà ni Ọ̀gbẹ́ni Sylvester dúró sí wo ògiri náà, kó tó wá fi ọ̀dà rẹ̀ kọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wọlé, ó ní ojú òun kò tan òun jẹ rí. Ká ní ó wọlé ni, ì bá rí ẹ̀gbọ́n mi Síkírù, ẹni àádọ́rin ọdún tí kò lè dìde mọ́. Ara ògiri yẹn gan-an ni ibùsùn rẹ̀ wà láti ọdún mẹ́fà. Bí mo bá rò pé ó lè wó, ṣé ibẹ̀ ni n ó tẹ́ ẹ sí?

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi sìmẹ́ńtì dí ojú sísán náà, kí ọ̀rọ̀ tán. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ló máa gbà. N kò ní ṣe é. Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe wà.

Fọ́tò méjì wà nínú lẹ́tà yìí: ti Ítálì, àti èyí tí a yà lọ́jọ́ tí a ṣí ilé wa, tí wọ́n kọ déètì sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ̀yin fúnra yín wá. Àkàbà ti wà lára ògiri. Ẹ gùn ún, kí ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ ojú sísán náà. Bí abẹ́rẹ́ bá rọ́nà lọ, èmi ni n ó kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì. Bí kò bá rọ́nà lọ, kí Ọ̀gbẹ́ni Sylvester pa ọ̀dà pupa rẹ̀ rẹ́, kó sì kí bàbá mi kú iṣẹ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì wà nínú ilé náà,

Àmúdàtù Akínọlá (Ìyáàfin), ọmọ Ọláṣùpọ̀
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì