Ewé Tí Kò Ní Bàbá

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí iṣẹ́, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Ọlọ́run tó mú ọ lọ ò ní gbàgbé ọ̀nà tó máa fi mú ọ bọ̀. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Má pe fóònù mi mọ́. Ó wà nínú adágún ẹja bàbá rẹ, bó bá sì dún níbẹ̀, mi ò mọ ẹni tó máa gbé e.

Ìwọ lo fà á. Nígbà tí mo ní ewé kan ń bo adágún, o ní kí n ya fọ́tò rẹ̀, mo yà á, o ní o ò rí i dáadáa, kí n sún mọ́ ọn. Mo sún mọ́ ọn. O ní kí n tún sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ibi tí mo ti ń sún mọ́ ọn ni fóònù ti bọ́ sómi, tí ewé sì padé mọ́ ọn lórí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ṣé fọ́tò yẹn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ?

Ọ̀rọ̀ ewé yìí ò yé mi. Kì í ṣe ojúoró, mo mọ ojúoró. Eléyìí ò tó èékánná ọmọ tuntun, ẹnikẹ́ni ò sì gbìn ín. Mo rí díẹ̀ létí omi, kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti gba ìdajì. Mo rò pé ìdọ̀tí ló fà á, ni mo bá ń da omi ọṣẹ tí mo fi fọṣọ sínú rẹ̀ kó lè mọ́. Ńṣe ló ń pọ̀ sí i, tó ń dán.

Ni ọkàn mi bá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, aládùúgbò wa, torí ibi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ bá ti lúwẹ̀ẹ́ ni ewé ti kọ́kọ́ yọ. Mo pè é jáde, mo ní kó yé kó wàhálà wá sínú omi opó. Ó wò mí, ó ní ṣé mo ti jẹun lónìí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mo fi igi àti wáyà yí adágún ká. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ dúró lẹ́yìn wáyà, wọ́n ń wò mí.

Kò pẹ́ tí mi ò fi rí omi mọ́ rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí ẹnu àwọn ẹja láàárín ewé, wọ́n ń là á, wọ́n ń pa á dé, wọ́n ń wá afẹ́fẹ́. Ẹja tí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ kó síbẹ̀ kó tó kú. Omi bọ́ lójú mi. Mi ò fẹ́ kí ohun tó fi sílẹ̀ tún kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo bu ewé díẹ̀ sínú abọ́, mo sáré gbé e lọ bá tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ó gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wá, ó ní kí n wò. Ọmọ mi, kò ní igi, kò ní ẹ̀ka, gbòǹgbò rẹ̀ dà bí òwú kan tó so rọ̀ sínú omi tí kò kan ilẹ̀ níbì kankan. Ọmọ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ọmọ yẹn náà sì ti ń bí tiẹ̀ kó tó kúrò lára ìyá. Mo béèrè ta ni bàbá wọn. Tíṣà ní wọn ò nílò bàbá. Mo bi í pé ṣé ìyàwó rẹ̀ mọ nǹkan tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ló gbé e wá lóòótọ́. Inú mi dùn, mo ní mo sọ ọ́. Ó ní àmọ́ pẹ́pẹ́yẹ náà ló ń jẹ ẹ́, èmi ni mo lé wọn, omi ọṣẹ mi sì jẹ́ oúnjẹ fún ewé. Títí di ìsinsìnyí mi ò mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Mo lọ bẹ Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ. Ó ti gbé asẹ́ méjì jáde kí n tó sọ̀rọ̀ tán. A tú wáyà, a jọ kó ewé títí ẹ̀yìn fi ń ro wá, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì ń jẹ èyí tó kù. Nígbà tí omi là, ẹja ńlá tí bàbá rẹ ń pè ní Ọ̀gá gbé ẹ̀yìn sókè, ó tún lọ sísàlẹ̀. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ní ṣé mo rí i. Mo bu omi adágún, mo fi bọ́jú.

Mo nílò owó fóònù mìíràn. Jọ̀ọ́, má fi ránṣẹ́ sórí fóònù bíi ti tẹ́lẹ̀, inú omi ló máa bọ́ sí, mi ò sì lè gbé owó tútù lọ sí báǹkì. Mú un wá fúnra rẹ.

Mo fi ewé kan sínú lẹ́tà yìí, mo fi òwú tútù wé e nínú ọ̀rá. Bu omi sínú ife, fi sínú rẹ̀, gbé e sójú fèrèsé. Má rò pé mo ṣahun, tíṣà ní ọ̀kan tó. Àtìgbà tí a ti sin bàbá rẹ lo ti ń sọ pé o máa wá tí àyè bá yọ, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àyè ti yọ ní ìlú ńlá. Máa wo ife yẹn. Lọ́jọ́ tí ewé bá bo ojú rẹ̀, kó ẹrù rẹ, kó o máa bọ̀ nílé.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní ìjáde àti ìwọlé, o ò ní rìn níjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Èmi ni ìyá rẹ.

Bó bá lọ́ra, da omi ọṣẹ díẹ̀ sí i.